Búrẹ́dì Pẹlẹbẹ Aláàyù Láìsí Àlìkámà, Ẹyin àti Wàrà

  

Lẹ́yìn Àsálátù ọjọ́ Àìkú kan, màmá àgbà kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi tí a ti ń ká ẹní. Wọ́n ní, "Dókítà, ọmọ mi ń ti ìlú òyìnbó bọ̀ wá ṣe Iléyá, ó sì ń mú ọmọ rẹ̀ bọ̀. Wọ́n ní ọmọ náà ò gbọdọ̀ fẹnu kan búrẹ́dì. Kì í jẹ ẹyin, kì í mu wàrà. Kí ni kí n máa fún un jẹ?" (Apòògùn ni mí, n kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ó ti sú mi láti máa ṣàlàyé ìyẹn.) Wọ́n ní ohun tí ọmọ náà fẹ́ràn jù lọ́hùn-ún ni búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń fi aáyù pa lára. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí ọmọ-ọmọ wọn má lọ ṣàìsàn mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Ìdànrè níbí.

Ohun tí mo sọ fún màmá ni mo fẹ́ sọ fún gbogbo wa lóṣù yìí, nítorí kì í ṣe ìlú òyìnbó nìkan ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà.

Nínú àlìkámà ni ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní glútẹ́nì. Òun ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun tí a pò máa fà, tó sì ń jẹ́ kí búrẹ́dì wú. Ó wà nínú ọkà báálì àti ọkà ráì pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í ṣe ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́, ohun tí Ọlọ́hun fi sínú ara láti máa bá àrùn jà yóò kọjú ìjà sí ìfun wọn. Inú ìfun kékeré máa ń rí bí aṣọ àrán, ó ní irun wẹ́wẹ́ tó fi ń fa ọ̀rá àti agbára oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Nínú ara àwọn wọ̀nyí, irun àrán náà á wó lulẹ̀, ibẹ̀ á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọmọ á máa jẹun, kò ní sanra. Ikùn á máa wú, ìgbẹ́ á máa ṣe gbuuru, ẹ̀jẹ̀ kò ní tó lára. Àrùn síliákì ni orúkọ rẹ̀. Kò sí oògùn tí mo lè tà fún ẹnikẹ́ni tí yóò mú un kúrò. Ohun kan ṣoṣo tó ń wò ó ni kí onítọ̀hún má jẹ glútẹ́nì mọ́ láé.

Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé àlìkámà ló ń fà á yà mí lẹ́nu nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́. Dókítà àwọn ọmọdé kan ní ilẹ̀ Netherlands, Willem Karel Dicke, ti ń fura sí búrẹ́dì tipẹ́. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì fẹ́ parí, lásìkò òtútù ọdún 1944 sí 1945, ìyàn mú níbẹ̀ débi pé àwọn ènìyàn ń jẹ ìdí òdòdó. Búrẹ́dì wọ́n bí ojú. Àmọ́ àwọn ọmọ tó ní àrùn yìí ni ara wọn ń yá. Nígbà tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn wọn náà padà dé. Ó kọ ìwádìí náà sílẹ̀ ní ọdún 1950 ní yunifásítì Utrecht. Ẹ má sì rò pé àrùn òyìnbó nìkan ni. Àwọn ọmọ Sahrawi, Mùsùlùmí bíi tiwa, tí wọ́n wà ní apá ìwọ̀-oòrùn aṣálẹ̀ Sahara, ni àyẹ̀wò fi hàn ní ọdún 1999 pé nǹkan bí ọmọ 5 sí 6 nínú 100 wọn ló ní in. A ò tíì rí ibòmíràn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí. Kì í ṣe gbogbo ikùn tó wú ni síliákì. Nílùú wa, aràn, omi ìdọ̀tí àti wàrà tí kò bá ara mu ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹ má torí ohun tí mo kọ yìí gba búrẹ́dì lọ́wọ́ ọmọ yín. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: bí dókítà bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún síliákì, ọmọ náà gbọ́dọ̀ ṣì máa jẹ àlìkámà lákòókò náà. Bí ẹ bá ti fi í sílẹ̀ ṣáájú, àyẹ̀wò lè sọ pé kò sí nǹkan kan, nígbà tí nǹkan wà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé búrẹ́dì nìkan ni àlìkámà. Màmá sọ fún mi pé, "Kò burú, màá máa ro sẹ́mó fún un." Mo kígbe! Àlìkámà ni sẹ́mó. Àlìkámà ni Indomie, sùpàgẹ́tì, makaróní, kúsíkúsì, pọfupọ́ọ̀fù, ṣinṣíìnì àti mítípáì. Ọkà báálì wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́ọ̀tì. Ẹ máa ka ara páálí. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ "búrẹ́dì ẹ̀gẹ́" tàn yín jẹ. Nígbà ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ìdá 10 nínú 100 ni wọ́n ní kí wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ṣe nínú ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Àlìkámà ni 90 tó kù.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ wa fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀gẹ́, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbàdo, ìrẹsì, ọkà bàbà, ẹ̀wà: kò sí glútẹ́nì nínú ọ̀kankan. Màsà tí àwọn ará wa Hausa ń dín, ìrẹsì tí wọ́n rẹ, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sì jẹ́ kó kan ni. Ọmọ yẹn lè jẹ ẹ́ bí ẹni tó dín in kò bá fi ìyẹ̀fun búrẹ́dì kún un. Ohun tí òyìnbó ń ra lówó gọbọi ní ìlú wọn, ìdí àdògán ìyá wa ló wà.

Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ni mo ní kí màmá lò. Kí ẹ̀gẹ́ náà jẹ́ èyí tí kò korò, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wú lóko. Ẹ bó o, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rin ín, ẹ dì í sápò, kí ẹ sì gbé òkúta lé e títí omi rẹ̀ yóò fi dà nù dáadáa. Omi yẹn ló ń gbé púpọ̀ nínú májèlé sáyánáìdì tó wà nínú ẹ̀gẹ́ lọ. Ẹ má kánjú níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Oṣùntókun ti UCH Ìbàdàn ló fi hàn wá pé àwọn tó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ nìkan ni oúnjẹ wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, tí wọn kò rí ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà tó bẹ́ẹ̀ jẹ sí i, iṣan ẹsẹ̀ wọn lè kú tipiri, ojú wọn sì lè di bàìbàì. Lẹ́yìn tí omi bá ti ro tán, ẹ sá a kó gbẹ ṣáṣá, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi asẹ́ tó kúnná jọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó méjì rèé. Ní Ìdànrè, àpáta kò wọ́n wa, orí àpáta la sì ti ń sá láfún àti kòkó láti ayébáyé. Àpáta dára, ó ń gbóná, nǹkan ń tètè gbẹ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ mọ̀ ọ́n gùn. Ẹ tẹ́ ọ̀rá tó mọ́ sábẹ́, ẹ fi àwọ̀n bò ó, ẹ má sì sá a sẹ́bàá títì tí mọ́tò ń gbé eruku sí. Èkejì ni ẹ̀rọ ìlọta. Àwọn alátọ̀gbẹ ń gbé àlìkámà lọ síbẹ̀ láti fi ṣe òkèlè. Bí wọ́n bá lọ ti yín tẹ̀lé tiwọn, ìyẹ̀fun yín ti kó àlìkámà, díẹ̀ yẹn sì tó láti da ọmọ onísíliákì dùbúlẹ̀. Ẹ lọ láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ nǹkan kan, kí wọ́n sì fọ ẹ̀rọ náà níṣojú yín. Bí wọn kò bá gbà, ẹ fi odó gún un. (Alátọ̀gbẹ tó bá fẹ́ jẹ búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ yìí, ẹyọ kan ni o. Ẹ̀gẹ́ ń gbé ṣúgà sókè nínú ẹ̀jẹ̀.)

Ó ku pípò rẹ̀. Ẹ wọn ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ife 2 sínú abọ́, ẹ fi iyọ̀ ìdajì ṣíbí ìpotíì àti òróró ṣíbí ìjẹun 4 sí i, kí ẹ fi ọwọ́ rà á pọ̀. Ẹ wá máa bu omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀. Nǹkan bí ife 1 ni yóò gbà, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun kan máa ń mumi ju òmíràn lọ. Bí ó bá rọ̀ bí etí ọmọdé, tí kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó ti tó. Ẹ fi aṣọ tútù tó mọ́ bò ó fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ pín in sí ọ̀nà 8, ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sáàárín ọ̀rá méjì tó mọ́, kí ẹ fi ìgò yí i pẹlẹbẹ. Ẹ gbé páànù ìdín-nǹkan kaná láìfi òróró sí i. Kí iná má pọ̀ jù. Ìṣẹ́jú 2 ní ẹ̀gbẹ́ kìíní, ìṣẹ́jú 2 ní ìkejì, títí ojú pupa yóò fi hàn káàkiri. Kò nílò yíìsì. Kò ní wú bíi ti Agége, ẹ má retí rẹ̀.

Ní ti aáyù, ẹ bó awẹ́ 4, ẹ gún un, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn tí a bá gún un ni ohun tó ń mú un ta, tí wọ́n ń pè ní álísínì, ń jáde. Ẹ wá dà á sínú òróró ṣíbí 2 lórí iná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí òórùn tútù rẹ̀ yóò fi lọ. Ẹ má jẹ́ kó jóná, á korò. Ẹ gé efinrin sí i, kí ẹ fi pa búrẹ́dì náà lára.

Mo ní kí ó jinná nítorí ìdí mìíràn. A mọ̀ pé Ànábì wa kọ̀ fún ẹni tó bá jẹ aáyù tàbí àlùbọ́sà tútù láti wá sí mọ́sálásí kí ó máa fi òórùn rẹ̀ ni àwọn ènìyàn àti mọ̀láíkà lára. Kò sọ ọ́ di èèwọ̀. Sàhábé wọn Umar sì sọ lórí mínbárì pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ wọ́n kí ó fi iná pa òórùn wọn. Ó tún wà nínú Súúrà Bàkárà, ẹsẹ 61, níbi tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti ń bèèrè oúnjẹ lọ́wọ́ Ànábì Mùsá. Wọ́n dárúkọ ohun kan tí ń jẹ́ fúùmu. Àwọn onítumọ̀ kan ní aáyù ni, àwọn mìíràn ní àlìkámà ni. Nígbà tí mo sọ èyí fún màmá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní èyí tó jẹ́ aáyù ni àwọn gbà ní tàwọn.

Ẹ má ṣe aáyù inú òróró pamọ́ sínú ìgò. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń ṣe é de ààwẹ̀. Kòkòrò kan tó ń gbé inú erùpẹ̀, bótúlínọ́ọ̀mù, fẹ́ràn ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé, abẹ́ òróró sì ni irú ibẹ̀. Májèlé rẹ̀ kì í rùn, kì í yí adùn padà, ó sì ń rọ ènìyàn lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀ títí kan iṣan tí a fi ń mí. Ní Vancouver ní ilẹ̀ Kánádà, ní 1985, ó mú ènìyàn tó ju 30 lọ, inú aáyù olóróró ilé oúnjẹ kan sì ni wọ́n ti kó o. Fíríìjì kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fún wa pẹ̀lú bí iná ṣe ń lọ. Ìwọ̀n tí ẹ ó jẹ tán lọ́jọ́ náà ni kí ẹ ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi wọfarínì, aáyù inú oúnjẹ kò ní ṣe yín ní nǹkan, ṣùgbọ́n kí ẹ má máa gbé aáyù oníkóró mì láìsọ fún dókítà yín. Bí ẹ bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, ẹ dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, aáyù kò rọ́pò oògùn. Mo ti rí ẹni tó ju oògùn nù nítorí aáyù, apá kan rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ títí dòní.

Màmá dán an wò lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú Iléyá. Ti àkọ́kọ́ fọ́ sí wẹ́wẹ́, omi rẹ̀ ló kéré. Èkejì dára. Ọmọ náà dé, ó fi gbẹ̀gìrì jẹ méjì, ó ní ti màmá àgbà le ju ti ìyá òun lọ. Màmá wá bi mí bóyá omi gbígbóná díẹ̀ sí i yóò mú un rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣíbí 2, kí wọ́n sì máa fi aṣọ wé e ní kété tó bá kúrò lórí iná.