Ta Ni Yóò Máa Bá Ọlọ́jà Gba Owó Lórí Ayélujára?

Òwò kékeré kò ṣòro láti bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Ọ̀fẹ́ ni ọlọ́jà fi ń gba ABN, ìyẹn nọ́ńbà òwò tó ní díjíìtì 11. Yóò ya fọ́tò ọjà rẹ̀, yóò gbé e sórí ìkànnì, àwọn èèyàn á sì máa rí i. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń dúró ronú ni ọ̀rọ̀ owó. Ká ní obìnrin kan ń ṣe ọṣẹ ní Geelong, lẹ́bàá Melbourne, tí ẹnì kan ní Perth sì fẹ́ rà nínú rẹ̀. Ìrìn ọjọ́ mélòó kan ló wà láàárín ìlú méjèèjì téèyàn bá wọ mọ́tò. Báwo ni owó onírà yóò ṣe dé ọwọ́ olùtà? Ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe ni a ń pè ní ẹnu ọ̀nà ìsanwó. Wọ́n pọ̀ lọ jàra, olúkúlùkù ló sì ń sọ pé tòun ló dínwó jù.

Kí a tó yan ọ̀kan, ó yẹ ká mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Bí onírà bá ti tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ìsanwó á gba nọ́ńbà náà, á fi àṣírí bò ó kí olè má lè kà á, á sì fi í ránṣẹ́ sí báńkì tó ń bá ọlọ́jà gbowó. Báńkì yìí á kàn sí ilé-iṣẹ́ tó ni ètò káàdì náà. Ó lè jẹ́ Visa tàbí Mastercard, ó sì lè jẹ́ eftpos, tí í ṣe ti àwọn ará Ọsirélíà fúnra wọn. Láti ibẹ̀ ni ìbéèrè yóò ti dé báńkì onírà: ṣé owó wà nínú àpò yìí? Ṣé wọn ò tíì fi tó yín létí pé wọ́n jí káàdì náà? Èsì á gba ọ̀nà kan náà padà. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ.

Ẹ fi ọkàn sí èyí: èsì ló dé yẹn, owó kò tíì dé. Owó gan-an ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, ó lè gbà á ní ọjọ́ iṣẹ́ kan, méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ẹni tó sì fọwọ́ kan ìsanwó náà lójú ọ̀nà ló máa yọ tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Látijọ́, ibi méjì ni ọlọ́jà ní láti lọ. Yóò kọ́kọ́ lọ bẹ báńkì kó ṣí àpò pàtàkì tí a fi ń gba owó káàdì fún un, yóò sì tún lọ bá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹnu ọ̀nà. Àpẹẹrẹ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni eWAY, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Canberra ní 1998. Lónìí, àwọn kan ti pa iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. PayPal ń ṣe é, Square ń ṣe é, Stripe náà ń ṣe é láti 2014 tó ti wọ Ọsirélíà. (Stripe yìí kan náà ló ra Paystack ti Èkó ní 2020, nítorí náà ẹni tó ti fi Paystack sanwó rí ní Nàìjíríà ti mọ irú iṣẹ́ tí à ń wí.) Ní tèmi o, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò ní ohun tó ń wá lọ sí ibi méjì. Kó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó pa á pọ̀, tí kì í gba owó oṣooṣù. Ọ̀nà ti báńkì di ohun tó yẹ kó gbé yẹ̀ wò nígbà tí ọjà bá ti ń yá dáadáa, tó sì lè jókòó ná owó iṣẹ́ pẹ̀lú wọn.

Owó iṣẹ́ yìí ni ká wá tú palẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ojú ti máa ń tan èèyàn. Alájọ tiwa máa ń mú owó ọjọ́ kan lóṣù, gbogbo ẹni tó ń dá àjọ ló sì mọ̀ ọ́n. Ẹnu ọ̀nà ìsanwó ń mú tirẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sanwó, ọ̀nà méjì ló sì fi ń mú un: ìdá kan nínú owó ọjà, àti sẹ́ǹtì díẹ̀ tí kì í yí padà. Ká ní iye tí wọ́n pè ni 1.75 nínú ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú sẹ́ǹtì 30. Ìkéde á kọ 1.75 gàdàgbà, á kọ sẹ́ǹtì 30 wínníwínní sísàlẹ̀.

Bí ọlọ́ṣẹ wa bá ta ọṣẹ kan ní dọ́là 8, ìdá yẹn jẹ́ sẹ́ǹtì 14. Ẹ fi 30 kún un, ó di 44. Nínú dọ́là 8, sẹ́ǹtì 44 ti lọ: ìyẹn 5.5 nínú ọgọ́rùn-ún, tó ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tó wà nínú ìkéde lọ. Bó bá jẹ́ àpótí ọṣẹ tí iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là 80 ló tà, ìdá náà á jẹ́ dọ́là 1 àti sẹ́ǹtì 40. Bí a bá fi 30 kún un, gbogbo rẹ̀ jẹ́ dọ́là 1 àti sẹ́ǹtì 70, kò sì ju nǹkan bíi 2.1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ilé-iṣẹ́ kan náà, àdéhùn kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ọjà kéékèèké ni sẹ́ǹtì 30 ń dùn jù. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ọlọ́ṣẹ wa di ọṣẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀, dípò kó máa ta ẹyọ kan.

Àwọn ẹnu ọ̀nà mìíràn á ní kí ó wá san dọ́là 30 lóṣù, kí àwọn sì dín ti orí ọjà kù sí 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú sẹ́ǹtì 25. Ṣé kó gbà? Ká ní dọ́là 40 ni oníbàárà rẹ̀ sábà máa ń ná. Lábẹ́ àdéhùn àkọ́kọ́, dọ́là 1 ló ń lọ lórí ọjà kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ èkejì, sẹ́ǹtì 85 ni. Sẹ́ǹtì 15 ló ń jèrè lórí ọ̀kan. Ó di ìgbà tó bá tajà ní ìgbà 200 lóṣù kí èrè yìí tó kó dọ́là 30 tó san. Bó bá ń ta 50 lóṣù, àdánù ni. Kí ó mú ìwé àti bírò, kó fi ọjà tirẹ̀ gan-an ṣírò, kó má fi àpẹẹrẹ inú ìkéde ṣe é. Kó tún béèrè bóyá GST, owó orí ọjà ti Ọsirélíà tó jẹ́ 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ti wà nínú iye tí wọ́n pè fún un.

Káàdì náà yàtọ̀ síra. Bí ẹni tó ń ra ọṣẹ bá wà ní London tàbí New Zealand, owó iṣẹ́ lórí káàdì òkèèrè lè tó ìlọ́po méjì ti ilé. Ó sì ní ohun kan tí àwọn olùpolówó kì í sábà sọ. Ọ̀pọ̀ káàdì débíìtì ní Ọsirélíà ló ní ètò méjì lára, Visa tàbí Mastercard níwájú, eftpos lẹ́yìn. Ọ̀nà eftpos sábà máa ń dínwó jù, báńkì àpapọ̀ wọn, Reserve Bank of Australia, sì ti ń rọ àwọn ilé-iṣẹ́ ìsanwó tipẹ́ pé kí wọ́n máa darí owó gba ọ̀nà tó dínwó. Ṣùgbọ́n bí àdéhùn ọlọ́jà bá jẹ́ iye kan ṣoṣo fún gbogbo káàdì, ẹnu ọ̀nà ló ń jẹ èrè ìdínwó yẹn, ọlọ́jà kò rí nǹkan kan. Ìbéèrè tó yẹ kó bi wọ́n nìyẹn.

Ǹjẹ́ ọlọ́jà lè ní kí oníbàárà bá òun san owó iṣẹ́ yìí? Òfin tí báńkì àpapọ̀ ṣe de gbogbo òwò kékeré láti oṣù kẹsàn-án 2017: ẹni tó bá fẹ́ gba àfikún lórí káàdì kò gbọdọ̀ gbà ju ohun tí gbígba káàdì yẹn ná an lọ. Bó bá ná an ní 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kò gbọdọ̀ gba 3. Àjọ ACCC, tó ń gbèjà oníbàárà, ló ń ṣọ́ èyí. Ní oṣù keje 2025, báńkì àpapọ̀ gbé àbá jáde pé kí wọ́n tilẹ̀ fòpin sí àfikún lórí eftpos, Visa àti Mastercard pátápátá. Èrò tèmi ni pé kí ọlọ́jà ti fi owó iṣẹ́ sínú iye ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń bí oníbàárà nínú kí iye tó rí lókè máa ga sí i bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ síbi ìsanwó, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń pa ìkànnì náà dé ní àkókò yẹn gan-an.

Lẹ́yìn owó iṣẹ́, ewu ló kàn. Bí olè bá fi káàdì ẹlòmíràn ra ọṣẹ, ẹni tó ni káàdì á fi ẹjọ́ sun báńkì rẹ̀, báńkì á sì fa owó náà padà lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ọṣẹ ti lọ, owó ti lọ, àwọn ẹnu ọ̀nà kan á tún gba nǹkan bíi dọ́là 25 fún wàhálà ẹjọ́ náà. Èyí kò ṣọ̀wọ́n, nítorí pé ibi tí ọlọ́jà kò ti fojú rí káàdì ni èyí tó pọ̀ jù nínú jìbìtì káàdì ní Ọsirélíà ti ń ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, kó yan ẹnu ọ̀nà tó ń jẹ́ kí báńkì onírà fi kóòdù ránṣẹ́ sórí fóònù onírà bí ìsanwó bá mú ìfura dání. Bí onírà bá ti fi kóòdù yẹn jẹ́rìí, ẹ̀bi jìbìtì sábà máa ń kúrò lọ́rùn ọlọ́jà. Kó sì tọ́jú ìwé ẹ̀rí ìfiránṣẹ́ gbogbo ẹrù. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe láéláé ni kó máa kọ nọ́ńbà káàdì àwọn èèyàn sínú ìwé tàbí kó gbà á lórí ímeèlì. Kó jẹ́ kí onírà tẹ̀ ẹ́ sórí ojú ewé ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀. Òfin ààbò tí àwọn ilé-iṣẹ́ káàdì gbé kalẹ̀, PCI DSS, á sì fúyẹ́ fún un.

Àwọn oníbàárà kan á fẹ́ san owó díẹ̀díẹ̀. Afterpay, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Sydney ní 2014, ń jẹ́ kí onírà pín owó sí ìgbà mẹ́rin, ọlọ́jà sì ń gba gbogbo owó rẹ̀ láìpẹ́. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ga ju ti káàdì lọ dáadáa, nítorí náà kò bá ọṣẹ dọ́là 8 mu. Fún oníbàárà tó ń ra ọjà púpọ̀, PayID dára: láti 2018 ni owó ti ń ti báńkì kan dé òmíràn ní ìṣẹ́jú àáyá, tí onírà kàn ń lo nọ́ńbà fóònù tàbí ímeèlì ọlọ́jà dípò nọ́ńbà àpò báńkì.

Kó tó fọwọ́ sí ìwé, kó béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bó bá fẹ́ kúrò. Àwọn oníbàárà tó ń san owó lóṣooṣù, ṣé wọ́n á lè kó àkọsílẹ̀ káàdì wọn lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn, àbí gbogbo wọn ló máa tún nọ́ńbà tẹ̀? Kó wá fi káàdì ara rẹ̀ ra ọṣẹ kan, kó ka iye ọjọ́ tí owó yóò gbà kó tó dé, kó sì dá owó náà padà fún ara rẹ̀ kó rí bóyá wọ́n á dá owó iṣẹ́ padà pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ kì í dá a padà. Kó sì pe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ wọn lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́ kan, kó gbọ́ bóyá èèyàn ni yóò dá a lóhùn.