Gbígbani-níyànjú Láti Bọ́ Aláìní: Ẹ̀kọ́ Lórí Oúnjẹ Ọ̀fẹ́ ní Ilé-Ìwé

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Àwa tí a ń kọ́ ọmọdé ní kéwú lọ́sàn-án mọ̀ pé òtítọ́ ni. Ọmọ tí kò rí nǹkan jẹ láti àárọ̀ ni ó máa ń tòògbé lórí wàláà. Kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ohun tí a ti ṣe nílẹ̀ wa
Lọ́dún 2005 ni ìjọba àpapọ̀ dán ètò oúnjẹ ilé-ìwé wò ní àwọn ìpínlẹ̀ díẹ̀. Ọ̀ṣun wà lára wọn, ó sì bá a lọ. Lọ́dún 2012 ó tún ètò náà ṣe, ó pè é ní O'MEALS, fún kíláàsì 1 sí 4. Lọ́dún 2016 ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ òmíràn fún kíláàsì 1 sí 3 ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, pẹ̀lú ₦70 fún ọmọ kan lóòjọ́. Àwọn obìnrin àdúgbò ni wọ́n gbà láti máa se oúnjẹ náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n dá a dúró pẹ̀lú àwọn ètò ìrànwọ́ mìíràn, nítorí ìwádìí lórí ìnáwó.

Bí ó ṣe ń dín ìṣẹ́ kù
Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Bí ìyá kan bá ń fún ọmọ mẹ́ta ní ₦200 ẹnì kọ̀ọ̀kan láti fi jẹun ní ilé-ìwé, ₦3,000 ni lọ́sẹ̀, ₦36,000 ni láàárín ọ̀sẹ̀ 12. Bí ilé-ìwé bá bọ́ wọn, owó yìí di owó ìwé, owó oògùn tàbí owó ọjà. Alásè rí iṣẹ́, àgbẹ̀ ìtòsí rí ẹni ra irè oko rẹ̀, ọmọ náà kò sì ní kiri ọjà ní àkókò ẹ̀kọ́.

Ibi tí ó kù sí
Ebi kò mọ kíláàsì. Ọmọ tí ó jẹun ní kíláàsì 3 bọ́ sí kíláàsì 4, àpò bàbá rẹ̀ kò tíì kún sí i. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a fẹ ètò náà sí i, kí a sì fi òfin dè é. Ẹ wo India: àwọn ará ìlú kan pe ìjọba lẹ́jọ́ lọ́dún 2001, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì pàṣẹ pé kí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba máa fún ọmọ ní oúnjẹ sísè. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e dé kíláàsì 8. Lọ́dún 2013 òfin sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ ọmọ títí dé ọdún 14.

Ojúṣe wa
Ẹ tún Sūratul-Mā'ūn kà dáadáa. Ẹni tí kò gba ènìyàn níyànjú láti bọ́ aláìní ni Ọlọ́hun bá wí níbẹ̀. Nítorí náà, ọ̀dọ́ tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ kò bọ́ nínú ojúṣe yìí, nítorí ó ní ẹnu. Ẹ lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́, ẹ kọ̀wé sí aṣojú yín ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Níbi tí oúnjẹ bá ti ń lọ, ẹ ṣọ́ ọ kí ó lè dé abọ́ ọmọ. Ẹni tó bá sì ní, kí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ aládùúgbò rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìpàdé ẹ̀ka
1. Kíláàsì wo ni ọmọ tí ebi ń pa jù ní ilé-ìwé àdúgbò wa wà?
2. Ta ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀?
3. Kí ni àwa fúnra wa lè ṣe kí oṣù yìí tó parí?

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe agbàni-níyànjú rere. Āmīn.