Ọ̀rá inú Ẹ̀pà, àti Ohun tí ń Bà á Jẹ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin tí ń ra irè oko, bí ẹ bá fún òróró hóró ẹ̀pà tí ó gbẹ dáradára, ẹ ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀pà fi ń fún ara ní agbára púpọ̀.

Ọ̀rá kò rí bákan náà. Àdín tí a fi èkùrọ́ ṣe a máa dì nígbà ọyẹ́. Òróró ẹ̀pà kì í dì bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣègùn kọ́ wa pé ọ̀rá tí ń dì, bí a bá ń jẹ ẹ́ ní àjẹjù, lè dí iṣan ọkàn, àti pé bí a bá fi òróró tí kì í dì rọ́pò rẹ̀, ewu náà a dín kù.

Ṣùgbọ́n èrè wo ni ó wà nínú ẹ̀pà tí ó ti bu? Ní ọdún 1960, ó lé ní 100,000 ọmọ tòlótòló tí ó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a wádìí, inú oúnjẹ wọn ni a ti bá ohun tí ó pa wọ́n: ẹ̀pà tí a ti fún òróró rẹ̀, tí a kó wá láti ilẹ̀ Bùràsíìlì. Ohun kan bí olú, tí ó kéré púpọ̀, ti hù lára ẹ̀pà náà, ó sì ti tu májèlé sí i. Aflatoxin ni orúkọ májèlé yìí. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bà jẹ́, ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ níbẹ̀. Yíyan àti sísè kì í pa á tán. Bí a bá sì fún òróró, èyí tí ó pọ̀ jù nínú májèlé náà a kù sínú ìyókù tí a fi ń ṣe kúlíkúlí. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí kì í mu gàrí láìsí kúlíkúlí, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí.

Ọyẹ́ a máa bá àwọn àgbẹ̀ ìhà Kánò gbẹ ẹ̀pà wọn. Ó ṣe ni láàánú pé àwọn kan a tún wọ́n omi sí i kí èèpo rẹ̀ lè rọrùn láti pa, tí àwọn òǹtajà mìíràn a sì wọ́n omi sínú àpò kí ó lè wúwo lórí òṣùwọ̀n. Nínú 100 kílò hóró ẹ̀pà, omi inú rẹ̀ kò yẹ kí ó ju kílò 7 lọ. Ẹ mi ẹ̀pà aléèpo sí etí yín: bí hóró rẹ̀ kò bá ró, ẹ dá a padà sí oòrùn. Ẹ ṣa èyí tí ó bu àti èyí tí ó hunjọ kúrò, kí ẹ má sì tà wọ́n ní ọ̀pọ̀ fún àwọn obìnrin tí ń fún òróró. Ẹ rì wọ́n mọ́lẹ̀, níbi tí adìẹ kò ti lè tàn wọ́n.