Ohun Tí Ó Dì Mọ́ Irun Wa

Ẹ wo orí obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú irun tí ó ti dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ìdí irun kọ̀ọ̀kan, níbi tí onídìrí ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí nǹkan kan tí ó dà bí òwú tí ó ti dọ̀tí. Àwọ̀ eérú ni. Bí ẹ bá fi ìka méjì pa á, ó ń yọ̀, kò sì fẹ́ kúrò. Kí ni nǹkan yìí? Níbo ni ó ti wá? Báwo ni a ó ṣe mú un kúrò tí irun wa kò ní bá a lọ?

Òróró ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Awọ orí ènìyàn fúnra rẹ̀ a máa sun òróró díẹ̀díẹ̀. Àwa náà tún ń fi tiwa kún un: àdí, òrí, òróró àgbọn, fasilíìnì, pọ̀méèdì, àti jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń tẹ irun ẹ̀bá etí mọ́lẹ̀. Òróró kì í dá wà. Ohun tí ó bá fò kọjá ni ó ń gbá mú. Ẹni tí ó bá sì ń gbé Olówógbowó mọ̀ pé ohun tí ń fò kọjá níbẹ̀ kò kéré: èéfín dánfó tí ń gun Afárá Èkó, eruku ẹsẹ̀ àwọn tí ń lọ sí Balógun, atẹ́gùn oníyọ̀ láti òkun àti ọ̀sà. Ẹ wá fi òógùn obìnrin tí ń tajà nínú oòrùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kún un.

Irun tí ó ti re náà wà níbẹ̀. Lójoojúmọ́, irun bí 50 sí 100 ni ó ń re ní orí ẹni tí ara rẹ̀ le. Bí irun bá wà ní dídì, èyí tí ó re kò rí ọ̀nà jáde. Òróró àti eruku yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tí kò re.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jẹ́ ọjọ́ 42. Bí irun 50 bá ń re lójúmọ́, ó di 2,100. Nítorí náà, bí ẹ bá tú irun, tí ẹ sì rí òṣùṣù irun lọ́wọ́ yín, ẹ má figbe ta. Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Ọ̀pọ̀ ìjà láàárín onídìrí àti oníbàárà, àti láàárín orogún pàápàá, ni kì bá tí ṣẹlẹ̀ rárá bí a bá ti mọ ìṣirò kékeré yìí.

Àwa ará ìhín kò kúkú fi ọ̀rọ̀ irun ṣeré. Apọ́ngbọ̀n tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, orúkọ irùngbọ̀n ni. Òyìnbó kan, William McCoskry, ni ó ṣe adelé gómìnà ní Èkó ní ọdún 1861. Irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n, àwọn ará Èkó sì fi í sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí wọ́n sì kọ́ Afárá Èkó dé Apọ́ngbọ̀n, tí wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 1975, àwọn obìnrin fi òwú dúdú kó irun, wọ́n so ó pọ̀ láti ìhín sí ọ̀hún bí afárá, wọ́n sì pè é ní Èkó Bridge.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìdọ̀tí wa. Bí irun bá gbẹ, tí orí ń yún ni, kí ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣe? A ó tún bu pọ̀méèdì sí i. Irun yóò dán fún ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ kejì, yíyún ti padà dé. Àbí kí ni ẹ rò? Orí ìdọ̀tí ni òróró tuntun náà jókòó sí, kò dé ara irun. Ìyàwó ilé kan lè ná owó ọjà rẹ̀ sórí agolo mẹ́ta, kí irun ẹ̀bá etí rẹ̀ sì máa dínkù síbẹ̀, nítorí pé òòyà ń fi agbára gba àárín ohun tí ó ti dì kọjá.

Obìnrin dúdú kan ní Amẹ́ríkà rí èyí tipẹ́. Wọ́n bí i ní ọdún 1867, ayé sì mọ̀ ọ́n sí Madam C. J. Walker. Irun òun fúnra rẹ̀ ti re. Ó di ọlọ́rọ̀ nípa títa ìpara irun, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìpara nìkan ni ó kọ́ àwọn obìnrin tí ń bá a ṣiṣẹ́. Ó kọ́ wọn pé kí wọ́n máa fọ orí oníbàárà mọ́ kí wọ́n tó fi ìpara sí i.

Wàyí o, ẹ gbọ́ bí a ti ń ṣe é. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú. Ẹ má jẹ́ kí omi kan irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú! Bí omi bá kan òṣùṣù irun àti eruku yẹn, yóò ṣù pọ̀ bí ìdì, ó sì lè jẹ́ àlùmọ́gàjí ni yóò tú u. Ẹ kọ́kọ́ fi òróró àgbọn díẹ̀ pa ìdí irun náà, kí ẹ dúró díẹ̀. Òróró fúyẹ́fúyẹ́ a máa tú òróró tí ó ki. Ẹ wá fi ìka tú ìdọ̀tí náà, kí ẹ sì rọra yà á, láti ṣóńṣó irun wá sí ìdí. Bí onídìrí bá gbé korobá omi wá kí ó tó ya irun, ẹ sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀wọ́, àǹtí, ẹ kọ́kọ́ bá mi yà á kí omi tó kàn án." Onídìrí rere yóò ní, "Ẹ má ṣèyọnu, màmá, ẹ gbé orí wá."

Lẹ́yìn èyí ni omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tàbí ṣampúù. Omi nìkan kò lè mú òróró. Ọṣẹ ni alágbàwí láàárín wọn: apá kan rẹ̀ fẹ́ràn òróró, apá kejì fẹ́ràn omi. Ọ̀kan di òróró mú, èkejì bá omi lọ. Ẹ fi ìka ra awọ orí, kì í ṣe èékánná. Ní ìgbà àkọ́kọ́ ọṣẹ kò ní hó púpọ̀, nítorí pé òróró ti jẹ agbára rẹ̀. Ẹ ṣàn án kúrò, kí ẹ tún fọ̀ ọ́. Ní ìgbà kejì yóò hó. Ẹ ó rí i pé fasilíìnì ni ó le jù láti fọ̀; bí ẹ bá rí petrolatum lára agolo, fasilíìnì ni.

Ẹ ṣọ́ra fún omi kànga. Omi kànga mìíràn ní èròjà bí ẹfun nínú. Ọṣẹ dúdú tí ó bá pàdé rẹ̀ yóò di ìdọ̀tí funfun, yóò sì tún lẹ̀ mọ́ irun. Bí omi kànga nìkan ni ẹ ní, ẹ lo ṣampúù, tàbí kí ẹ fi omi òjò ṣan irun ní ìkẹyìn.

Jẹ́ẹ̀lì kò ṣòro, omi a máa tú u. Ṣùgbọ́n ìda oyin tí àwọn kan fi ń lọ́ irun! Ó tó ìwọ̀n gbígbóná 62 kí ó tó yọ́, omi tí ó bá sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ yóò bó orí. Ó sàn kí a má tilẹ̀ fi í sí irun rárá.

Ẹ má ṣe fi kẹrosíìnì tú ìdọ̀tí irun, ó ń bó awọ, iná sì lè ràn án. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun náà kò dára fún orí.

Bí orí ọmọdé bá ní ojú tí ó pá róbótó, tí irun ibẹ̀ ń kán, kì í ṣe ìdọ̀tí nìkan. Ó lè jẹ́ làpálàpá. Fífọ̀ nìkan kò lè wò ó, oògùn mímu ni dókítà máa ń fún un. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹlòmíràn lo òòyà rẹ̀.

Àwọn dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà ń gba àwa aláwọ̀ dúdú níyànjú pé kí á máa fọ irun lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Irun dídì ńkọ́? Ẹ po ṣampúù díẹ̀ mọ́ omi nínú ìgò, kí ẹ máa dà á sí ojú ìlà tí onídìrí là, kí ẹ fi ìka rà á, kí ẹ sì ṣàn án títí omi yóò fi mọ́ gaara. Àárọ̀ ọjọ́ tí oòrùn bá mú ni kí ẹ ṣe é, kí irun lè gbẹ dé ìdí kí ẹ tó wé gèlè.