Kóòdù Skánà Ò Tíì Dá Ẹnikẹ́ni Lẹ́bi

Ká ní o ń wakọ̀ lọ ní Adéníjì Adélé, n'Ísàlẹ̀ Èkó, ni iná "check engine" bá tàn. O gbé e padà sọ́dọ̀ àwọn tó tà á fún ẹ. Wọ́n so skánà mọ́ ọn, P0171 jáde. Wọ́n ní, "Oxygen sensor ti bàjẹ́, a máa pààrọ̀ ẹ̀."

Dúró ná! Má tíì sanwó.

Láti 1996 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan kí ọkọ̀ tuntun ní ètò OBD-II. Ìdí nìyẹn tí skánà kan náà fi ń ka kóòdù ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀. P0171 ò sọ pé sensor kú. Ohun tó ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù fún epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì. Ìwọ̀n tó yẹ ni nǹkan bíi kílò 14.7 afẹ́fẹ́ sí kílò kan pẹtiróòlù. Sensor ló wá fẹjọ́ sùn. Ẹni tó jẹ̀bi lè jẹ́ họ́ọ̀sì tó là, fíítà epo tó dí tàbí MAF sensor tó dọ̀tí.

Ara gbígbóná nìkan kọ́ ni ibà; dókítà gidi á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kó tó sọ̀rọ̀.

Torí náà, bi wọ́n pé: "Àyẹ̀wò wo lẹ ṣe?" Wọ́n lè fẹ́ èéfín sínú họ́ọ̀sì kí wọ́n rí ibi tó ti ń jò. Ní kí wọ́n kọ iye owó sílẹ̀, kí wọ́n sì kó ẹ̀yà àtijọ́ fún ẹ. Tí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ, FCCPC, àjọ tí òfin 2018 dá sílẹ̀, ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà.