Òtítọ́ Nínú Ìwé Físà Ọmọ Wa

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi ìmọ̀ gbé ọmọ ènìyàn ga. Kí ikẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, a gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú láti bẹ̀rù Ọlọ́hun ní kọ̀rọ̀ àti ní gbangba.

Láìpẹ́ yìí, bàbá kan wá bá wa lẹ́yìn ìrun Àsírì pé kí a ṣe àdúà kí ọmọ òun lè rí físà ìwé kíkà gbà sí Ìlú Ọba. A tẹ́wọ́, a sì ṣe é. Ẹ̀yìn tí a ṣe Àmín tán ni ó tó sọ pé owó tí ó wà nínú àkáǹtì ọmọ náà kì í ṣe tiwọn. Ẹnì kan ni ó yá wọn kí ó lè jókòó síbẹ̀ fún oṣù kan, wọn yóò sì san èlé lé e bí wọ́n bá ń dá a padà. Ó ní: "Àlùfáà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀? Gbogbo ayé ni ó ń ṣe é." Ìdáhùn tí a fún un ni a fẹ́ fún gbogbo wa lónìí.

Ẹ̀kínní, ìrìnàjò nítorí ìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Imam Bukhari kúrò ní ìlú rẹ̀, ó dé Mọ́kà, Bàgídáàdì àti Íjíbítì nítorí hadiisi.

Ẹ̀kejì, àdéhùn ni físà. Ẹni tí ó bá buwọ́ lu ìwé rẹ̀ ti jẹ́rìí pé òtítọ́ ni ohun tí òun kọ síbẹ̀. Àyà àkọ́kọ́ nínú Súrà Al-Máídà pa wá láṣẹ kí a mú àdéhùn ṣẹ, kò sì yọ àdéhùn tí a bá ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí ṣe sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo ìdí òfin náà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé kí owó ilé-ẹ̀kọ́ àti owó oúnjẹ wà ní àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti òbí rẹ̀ fún ọjọ́ 28 léraléra, kí àlejò má bàa pebi nílùú onílùú. Bí owó àyálò bá padà sọ́dọ̀ olówó, kí ni ọmọ náà yóò jẹ? Wákàtí 20 péré lọ́sẹ̀ ni òfin gba akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láàyè láti ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ. Ebi yóò tì í kọjá rẹ̀, irọ́ kan yóò sì bí òmíràn. Bí kò bá lè san owó ilé-ẹ̀kọ́, ilé-ẹ̀kọ́ yóò fi tó ìjọba létí, físà rẹ̀ yóò sì bọ́. Bí àṣírí bá sì tú kí ó tó lọ, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún 10. Èlé tí wọ́n sì san lórí owó náà, ríbà ni. Ẹ̀ṣẹ̀ méjì nínú ìwé kan.

Ẹ rántí àwọn Sàhábà tí wọ́n ṣe híjírà lọ sí Hábáṣà. Kùráéṣì rán Amru ọmọ Al-As tẹ̀lé wọn pẹ̀lú ẹ̀bùn, kí ọba Najaṣi lè lé wọn padà sí Mọ́kà. Nígbà tí ọba bi wọ́n léèrè nípa Ànábì Ísà, ìdáhùn kan ṣoṣo lè sọ wọ́n di ẹni tí a lé nílùú. Kristẹni ni ọba. Irọ́ kékeré ì bá dùn létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Ànábì kọ́ wọn gan-an ni Ja'far ọmọ Abu Talib sọ, pé ẹrú Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni Ísà. Ọba dá ẹ̀bùn Kùráéṣì padà, ó sì jẹ́ kí wọ́n gbé ìlú rẹ̀ ní àlàáfíà.

Bàbá náà dákẹ́ títí. Ó dá owó náà padà, ọmọ kò sì lọ ní ọdún náà. Ó dùn wọ́n, ó sì dun àwa náà. Àwa pẹ̀lú tọrọ àforíjìn, nítorí pé a ṣe àdúà kí a tó béèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí owó bá jẹ́ tiyín, ẹ fi ìwé ìbí ọmọ àti lẹ́tà ìyọ̀ǹda yín tì í lẹ́yìn. Bí kò bá tíì pé, ẹ bẹ ilé-ẹ̀kọ́ kí ó sún àyè ọmọ síwájú, kí ẹ sì máa tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbìyànjú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bíi Chevening àti Commonwealth. Ẹ ṣọ́ra fún aṣojú tí ó bá ní ẹ lè mú ìyàwó dání: láti oṣù kìíní ọdún 2024, díẹ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bí àwọn tí ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé, ni ìjọba ṣì gbà fún.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Kí Ọlọ́hun fi hálálì rọ̀ wá lọ́rùn kúrò nínú háráámù, kí Ó ṣí ọ̀nà rere fún àwọn ọmọ wa. Àmín.