Ẹ Má Ṣe Jẹ Èbù Ẹja Tán: Ẹ̀kọ́ Lórí Ẹja Pípa Nínú Ọ̀sà àti ní Etí Òkun

Àbújá, tí ó jìnnà sí òkun, ni a ti ń kọ ẹ̀kọ́ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan gbogbo ẹni tí ó ń sọ àwọ̀n sí omi láti Àgbádárìgì dé Ẹ̀pẹ́, títí dé etí omi Ìjẹ̀bú àti ilẹ̀ Ìlàjẹ. Púpọ̀ nínú yín ni ó ń gbin ẹ̀gẹ́ sí orí ilẹ̀ tí ó sì tún ń pẹja nínú ọ̀sà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ oko ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò jẹ èbù iṣu rẹ̀ tán kí òjò tó rọ̀. Ọmọ ẹja inú ọ̀sà ni èbù apẹja. Bí a bá kó o jẹ tán lónìí, kí ni a ó pa lọ́dún tí ń bọ̀?

ÌDÍ TÍ ỌMỌ ẸJA FI Ń GBÉ INÚ Ọ̀SÀ

Ọ̀sà Èkó ni omi odò àti omi òkun ti ń pàdé. Odò Ògùn ń gbé omi tí kò níyọ̀ wá láti òkè. Òkun ń ti omi iyọ̀ wọlé láti ẹnu èbúté Èkó. Ní àsìkò òjò, omi ọ̀sà fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi odò lásán. Ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ á tún padà wọ inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí irú ẹja tí ẹ ń rí fi ń yí padà bí ìgbà ti ń yí. Ìdí kan náà ni ó mú kí ewéko ojú omi olódòdó, tí ó dé sí omi Àgbádárìgì ní ọdún 1984, máa kú nítòsí èbúté nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí kò lè fara da iyọ̀.

Omi ọ̀sà kò jìn. Ewé tí ń jẹrà nínú rẹ̀ ń pèsè oúnjẹ, gbòǹgbò igi etí omi sì ń fi ọmọ ẹja pamọ́ kí ẹja ńlá má baà gbé e mì. Ẹ wo àpẹẹrẹ mẹ́ta yìí:

(1) Edé òkun ń yé ẹyin sínú òkun, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ á wọ inú ọ̀sà wá, wọn á dàgbà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kí wọn tó padà sí òkun láti lọ bí tiwọn.

(2) Edé ńlá inú odò ń ṣe òdìkejì èyí. Abo rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ láti inú odò wá sí ibi tí iyọ̀ wà kí ẹyin rẹ̀ lè pa, nítorí pé ọmọ rẹ̀ kò lè dàgbà nínú omi tí kò níyọ̀ rárá.

(3) Epìyà dúdú ti inú ọ̀sà kì í fi ẹyin rẹ̀ sílẹ̀. Akọ ni ó ń kó ẹyin sí ẹnu títí wọn yóò fi di ọmọ. Ẹni tí ó bá pa irú akọ bẹ́ẹ̀ ti pa odindi agbo ọmọ pẹ̀lú rẹ̀.

MÍMỌ ÌKÚN ÀTI ÌFÀ OMI

Ní etí òkun wa, omi ń kún ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì ń fà ní ẹ̀ẹ̀mejì, láàárín nǹkan bí wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 50. Bí omi bá kún dé góńgó ní agogo 6 òwúrọ̀ òní, nǹkan bí agogo 7 ku ìṣẹ́jú 10 ni yóò kún lọ́la. Òṣùpá ni ó ń darí rẹ̀. Bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti bí ó bá di àrànmọ́jú, omi á kún púpọ̀, á sì fà jìnnà. Bí òṣùpá bá dé ìdajì, agbára omi á dínkù. Bí ẹ bá sì ti jìnnà sí ẹnu òkun tó, bẹ́ẹ̀ ni ìkún omi yóò ṣe kéré tó, tí yóò sì pẹ́ dé.

Nígbà tí omi bá ń kún, ẹja á tẹ̀ lé e wọ inú odò kéékèèké láti jẹun. Nígbà tí ó bá ń fà, wọn á jáde. Ẹ dẹ ìgèrè tàbí àwọ̀n yín kí ó kọjú sí ibi tí omi ń fà bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dí ẹnu odò náà pátápátá. Ẹ fi àyè sílẹ̀ kí díẹ̀ lè kọjá. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́, ìrí òṣùpá, àkókò ìkún omi àti iye ẹja tí ẹ pa sí i. Láàárín ọdún kan, ìwé náà yóò di olùkọ́ yín. Ẹ ṣọ́ra ní ẹnu òkun nígbà tí omi bá ń fà jáde tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ wọlé: ìgbì á ga ní òjijì, ó sì lè da ọkọ̀ kékeré nù.

OHUN TÍ Ń RUN ÈBÙ ẸJA

Èkíní ni àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́. Láti mọ bí ojú àwọ̀n ti tóbi tó, ẹ fa ojú kan títí yóò fi nà tán, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n láti kókó kan dé kókó kejì. Bí ọmọ ẹja bá pọ̀ ju àgbà ẹja lọ nínú ohun tí àwọ̀n yín ń kó, ojú rẹ̀ kéré jù fún ibi tí ẹ ti ń lò ó. Abọ́ ọmọ ọ̀bọ̀kún kan tí a tà ní ọ̀pọ̀ lónìí ì bá kún ọ̀pọ̀lọpọ̀ agbọ̀n bí a bá jẹ́ kí wọn dàgbà. Bí ẹ bá rí akàn tí ó gbé ẹyin sí abẹ́ ikùn, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ padà sínú omi.

Èkejì ni oògùn. Àwọn kan ń da Gámálínì, tí a fi ń pa kòkòrò ara kòkó láyé ọjọ́un, sínú odò. Oògùn kò mọ ọmọ yàtọ̀ sí àgbà. Ó ń pa ẹja, ó ń pa oúnjẹ ẹja, ó sì ń wọ inú ara ẹni tí ó jẹ ẹ́. Ní ọdún 2009, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi ohun tí a fi ṣe é sí ara àwọn oògùn olóró tí ó yẹ kí a mú kúrò ní ìlò. Ẹ má ṣe rà á, ẹ má sì ṣe bá ẹni tí ń lò ó pín ẹja.

Ẹ̀kẹta ni gígé igi etí omi láti fi yan ẹja. Ẹni tí ó gé e ti wó ilé ọmọ ẹja.

ILÉ TÍ A LÈ KỌ́ FÚN ẸJA

Ní adágún Nokoué, ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí ìlú Ganvié wà lórí omi, àwọn apẹja ń ri ẹ̀ka igi mọ́ ilẹ̀ nínú omi tí kò jìn. Wọ́n ń pe èyí ní akadjá. Ewédò á hù sára ẹ̀ka náà, epìyà á máa jẹ ẹ́, á sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọn á fi àwọ̀n yí i ká, wọn á yọ ẹ̀ka, wọn á sì kó ẹja. Àwọn apẹja ọ̀sà Èkó náà ń ṣe irú rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń jẹ igi púpọ̀. Ìwádìí tí a ṣe ní ọ̀sà Ébrié, ní Côte d’Ivoire, lẹ́yìn ọdún 1980 fi hàn pé ọparun lè ṣe iṣẹ́ náà. Nítorí náà, ẹ lo ọparun. Kí ẹ tó rì í, ẹ bá baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ apẹja sọ̀rọ̀, kí ó má baà di ìjà, kí ó má sì dí ọ̀nà ọkọ̀.

ẸTỌ́ YÍN LÓRÍ OMI

Òfin ẹja òkun ti ọdún 1992 kò gba ọkọ̀ ńlá tí ń wọ́ àwọ̀n láyè láti pẹja láàárín máìlì òkun 5 sí etí ilẹ̀ wa. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ kékeré ni a pa ibẹ̀ mọ́ fún. Bí ọkọ̀ ńlá bá wọ ibẹ̀, tí ó sì fa àwọ̀n yín ya, ẹ má ṣe lé e. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, àti orúkọ tàbí nọ́ńbà tí ẹ rí lára rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sí ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ ẹja tí ó wà nítòsí yín, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ yín. Ohùn ẹgbẹ́ máa ń jìnnà ju ohùn ẹnì kan lọ.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin ni ẹ mọ omi yín jù. Ẹ pe ẹgbẹ́ yín jọ ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí ẹ fi ohùn ṣọ̀kan lórí ojú àwọ̀n tí ẹ ó máa lò àti odò tí ẹ ó dá sí ní àsìkò tí ọmọ ẹja bá pọ̀. Òfin tí ará abúlé fúnra wọn bá ṣe ni wọ́n máa ń pa mọ́ jù. Kí omi máa tutù fún yín o.